Ìdì Ni, Kì í Ṣe Ègé: Ìperí fún Kíka Fáìlì Ohùn nínú Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ó rí fún ìperí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì: iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni à bá wò kí a tó fún un lórúkọ. Ọ̀rọ̀ kan tí ó nílò irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni 'chunk', tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò fún apá kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì ohùn tàbí ti àwòrán. Ẹni tí ó bá gbára lé ìwé atúmọ̀-èdè nìkan lè pè é ní 'ègé'. 'Ìdì' ni ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

2. Bí a ṣe to fáìlì náà

Ní ọdún 1985 ni ilé-iṣẹ́ Electronic Arts gbé ìlànà IFF jáde. Ní 1991, Microsoft àti IBM gbé èyí tí ó jọ ọ́ jáde, wọ́n pè é ní RIFF. Lórí RIFF ni fáìlì ohùn WAV dúró lé. Nínú ìlànà méjèèjì, nǹkan mẹ́ta ni ó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan: orúkọ, tí ó gba báìtì 4, ìwọ̀n, tí ó gba báìtì 4, tí ó sì ń sọ iye báìtì tí ẹrù inú ìdì náà jẹ́, àti ẹrù náà fúnra rẹ̀.

Fáìlì WAV jẹ́ ìdì ńlá kan tí ó ń jẹ́ RIFF, tí a di àwọn ìdì kéékèèké sínú rẹ̀. Èyí tí ó ń jẹ́ 'fmt ' (àlàfo ni ó dúró fún lẹ́tà kẹrin) ń sọ iye ìgbà tí a wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 'data' ni ó ru ohùn gan-an. 'LIST' lè ru àkọlé tàbí orúkọ ẹni tí ohùn náà jẹ́ tirẹ̀.

Ègé iṣu kò ní àmì kankan lára tí ó sọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ìdì yàtọ̀: a ti dì í lẹ́nu, a sì lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan láìtú u. Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí ó bá bá orúkọ tí kò mọ̀ pàdé, yóò wo ìwọ̀n, yóò fo ẹrù náà, yóò sì bọ́ sórí ìdì tí ó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ètò àtijọ́ fi lè ka fáìlì tí ó ní ìdì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

3. Èènì

Bí ìwọ̀n ẹrù bá jẹ́ iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, a ó fi báìtì kan kún un, ṣùgbọ́n a kì í kà á mọ́ ìwọ̀n. Èènì ni èyí, bí ọlọ́jà ṣe ń fi díẹ̀ kún ọjà lẹ́yìn tí ó ti wọ̀n ọ́n tán. Ètò tí ó bá gbàgbé èènì yóò bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ ìdì kejì ní báìtì kan ṣáájú àyè rẹ̀, gbogbo ohun tí ó bá sì kà láti ibẹ̀ lọ yóò dàrú.

4. Kékeré-ṣaájú àti ńlá-ṣaájú

Báìtì kan kò lè gbà ju 255 lọ. Nítorí náà, 44100 yóò di 172 lọ́nà 256, àti 68 lé e. RIFF ń kọ ọ́ báyìí: 68, 172, 0, 0. Ọ̀nà tí IFF ń gbà kọ irú iye bẹ́ẹ̀ ni 0, 0, 172, 68. Ètò RIFF kò ṣàjèjì sí Yorùbá: nínú 'mẹ́tàlélógún', a ń pe mẹ́ta kí a tó pe ogún. Ẹni tí ó bá fi ojú IFF ka ti RIFF yóò rí 1,152,122,880 dípò 44100.

5. Kíkà á pẹ̀lú Python

Irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ chunk wà nínú Python fún iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a ti yọ ọ́ kúrò láti Python 3.13, tí ó jáde ní 2024. Lẹ́yìn tí a bá ti ka báìtì 12 àkọ́kọ́, ìlà méjì tó láti wo ìdì kan kí a sì fò ó:

oruko, iwon = struct.unpack('<4sI', f.read(8))
f.seek(iwon + iwon % 2, 1)

Àmì '<' dúró fún kékeré-ṣaájú. 'Iwon % 2' ni èènì.

6. Ewu tí ó wà níbẹ̀

Àwọn kan máa ń kọ ètò tí ó gbà pé lẹ́yìn báìtì 44 ni ohùn máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí LIST bá wà láàárín, ètò náà yóò ka àkọlé bí ẹni pé ohùn ni, ariwo ni yóò sì jáde. Èyí tí ó burú jù fún onímọ̀ ohùn ni ètò tí kò wo 'fmt ' rárá. Bí a bá wọn ohùn ní ìgbà 44100, tí ètò sì kà á sí 22050, ìró tí ó jẹ́ 200 Hz yóò di 100 Hz. Gbogbo ìwọ̀n ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí olùwádìí bá kọ sílẹ̀ yóò wá jẹ́ ìdajì òótọ́.

7. Àwọn ìperí tí a dábàá

chunk: ìdì
chunk ID: orúkọ ìdì
chunk size: ìwọ̀n ìdì
pad byte: èènì
little-endian: kékeré-ṣaájú
big-endian: ńlá-ṣaájú

Olùkọ́ tí ó bá lo 'ìdì' àti 'èènì' ti ṣe ìdajì àlàyé kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ láti ọjà pé a kì í tú ìdì tí kì í ṣe tẹni, àti pé èènì kò sí nínú iye tí a wọ̀n.