Gẹ̀ẹ́sì tí ó Ṣẹ́kù sí Ojú-Ìwé Yorùbá: Bí a ṣe lè Wá Ìdí rẹ̀ lórí Ìkànnì Elédè Púpọ̀

1. Ìfáárà

Lóde òní, kì í ṣe ìwé nìkan ni a ń ké sí olùkọ́ Yorùbá láti wá tú. Ilé-ẹ̀kọ́, ìjọ àti ẹgbẹ́ ń ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń fẹ́ kí Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣòro kan máa ń yọjú lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ á ṣẹ́kù sí ojú-ìwé tí a rò pé a ti tú tán. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí ó ń fa àṣẹ́kù yìí, bí a ṣe lè mọ ibi tí àléébù wà, àti apá tí ó kan olùkọ́ èdè. Ètò WordPress, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ní àdúgbò tí ọgbà àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, tí ó ṣe fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ní èdè méjèèjì. Òbí kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́. Àkọlé Yorùbá ni, ìbéèrè Yorùbá ni. Ó gbàgbé láti kọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnì. Ohun tí ó yọ sí i ní àwọ̀ pupa ni:

(1) This field is required.

Òbí yìí kò mọ̀ bóyá wọ́n gba fọ́ọ̀mù náà tàbí wọn kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé gbólóhùn (1) kì í hàn sí ẹni tí ó bá kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé. Nítorí náà, olùyẹ̀wò iṣẹ́ ìtumọ̀ lè ka gbogbo ojú-ìwé láì rí i. Àwọn gbólóhùn tí ó sábà máa ń ṣẹ́kù ni àwọn tí ó ń jáde nígbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé, ìyẹn nígbà tí òǹkàwé nílò èdè rẹ̀ jù lọ.

2. Orísun gbólóhùn orí ìkànnì

Orísun mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ orí ìkànnì ní: (i) ohun tí àwa fúnra wa kọ, (ii) ohun tí ó bá WordPress wá, (iii) ohun tí ó bá àwọn àfikún wá. Àfikún yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní plugin: ètò kékeré tí a so mọ́ ètò ńlá láti ṣe fọ́ọ̀mù, kàlẹ́ńdà tàbí ìsanwó. Bí a bá tú (i) àti (ii) tán, a kò tíì fọwọ́ kan (iii) rárá.

Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí ó kọ àfikún sábà máa ń fi kọ gbólóhùn rẹ̀. Ó máa ń fi àmì sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé èyí ṣeé tú, ó sì máa ń fi orúkọ àfikún náà sí i. Fáìlì ìtumọ̀ dàbí ìwé atúmọ̀ èdè: Gẹ̀ẹ́sì ní apá kan, Yorùbá ní apá kejì. Ẹ̀yà fáìlì tí ènìyàn ń kà ni PO. Èyí tí a sọ di ti ẹ̀rọ láti inú rẹ̀ ni MO. Bí ẹ̀rọ kò bá rí gbólóhùn kan nínú fáìlì, kò ní kígbe. Gẹ̀ẹ́sì náà ni yóò gbé jáde.

3. Ohun tí ó ń fa àṣẹ́kù

(a) Orúkọ fáìlì. Àmì méjì ni àjọ ISO fún Yorùbá: yo àti yor. Wikipedia Yorùbá ń lo yo, ṣùgbọ́n yor ni WordPress ń lò. Bí orúkọ àfikún bá jẹ́ foomu, foomu-yor.mo ni ẹ̀rọ yóò wá. Bí a bá pè é ní foomu-yo.mo, iṣẹ́ wa wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní rí i.

(b) Gbólóhùn tí ó yí padà. Ká ní a tú "This field is required", tí ẹni tí ó ṣe àfikún wá fi àmì ìdánudúró sí i nígbà àtúnṣe. Lójú ẹ̀rọ, gbólóhùn mìíràn ni. Ìtumọ̀ àtijọ́ kò bá a mu mọ́.

(d) Gbólóhùn tí a kò fi àmì sí. Èyí kò sí nínú fáìlì rárá. Ẹni tí ó kọ àfikún ni a ó kàn sí.

(e) Gbólóhùn tí alámòójútó ìkànnì tẹ̀ sínú ààtò àfikún. Inú àkójọ ìkànnì náà ni ó wà, kò sí nínú fáìlì. Ibi ìtumọ̀ gbólóhùn tí àfikún elédè púpọ̀ pèsè ni a ti ń tú u. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni a kọ́kọ́ kọ, ìṣọ́ra tún wà. Ẹ́ ṣeé tẹ̀ ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ: a lè tẹ ẹ kí a gbé ohùn lé e, a sì lè tẹ é kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì.

(ẹ) Gbólóhùn tí ó ń jáde láti inú JavaScript. Láti ìgbà WordPress 5.0, ní 2018, fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni irú èyí ní.

4. Ìlànà àyẹ̀wò

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ àfikún náà ni ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí díẹ̀? Bí ó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, kí a wo (a). Bí ó bá jẹ́ díẹ̀, kí a wá gbólóhùn náà gan-an nínú fáìlì PO. Bí ó bá wà níbẹ̀ láìní ìtumọ̀, kí a tú u. Bí ó bá yàtọ̀ díẹ̀, (b) ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí a wo (d) àti (e). Bí ó bá ń yọ lẹ́yìn tí a tẹ bọ́tìnì láìjẹ́ pé ojú-ìwé tún ara rẹ̀ ṣí, kí a wo (ẹ). Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a pa ẹ̀dà àtijọ́ tí ìkànnì tọ́jú rẹ́, nítorí pé ó lè máa fi ojú-ìwé àná hàn wá.

Ohun pàtàkì ni pé kí olùyẹ̀wò mọ̀ọ́mọ̀ ṣàṣìṣe: kí ó fi àyè sílẹ̀ lófo, kí ó kọ ọjọ́ tí kò sí, kí ó tẹ ọ̀rọ̀ síbi tí iye yẹ kí ó wà.

5. Apá ti olùkọ́ èdè

Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ èdè kù. Nínú fáìlì, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dá dúró láìní àyíká ọ̀rọ̀. "Close" lórí bọ́tìnì ni "Pa á dé". Lórí àwòrán ilẹ̀ ó lè jẹ́ "nítòsí". Ó sì ní àmì tí a kò gbọdọ̀ yọ:

(2) %s is required. → Ẹ gbọ́dọ̀ kọ %s.

Àyè orúkọ ohun tí a fò ni %s. Bí a bá yọ ọ́, òbí kò ní mọ ohun tí ó kù.

Ìlò ọ̀wọ̀ tún ń kọ́? Nínú ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà, ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀-arọ́pò ẹyọ bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, "Kọ orúkọ rẹ" kò bójú mu fún òbí. "Ẹ kọ orúkọ yín" ni ó yẹ, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ jákèjádò. Bákan náà ni èdè-ìperí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún wa ní àpẹẹrẹ ìfẹnukò. Bí a bá pe "password" ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ níbì kan, kí a má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ aṣínà níbòmíràn.

6. Ìkádìí

Bí a bá tún ìtumọ̀ ṣe sórí ìkànnì tiwa nìkan, àtúnṣe tí ń bọ̀ lè pa á rẹ́. Ó sàn kí a fi í sí translate.wordpress.org, níbi tí àwọn ìkànnì mìíràn náà yóò ti rí i lò. Nígbà tí a bá sì ń yẹ irú iṣẹ́ yìí wò, kí a má ṣe fi ojú-ìwé àkọ́kọ́ nìkan fún un ní máàkì. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ni kí a kọ́kọ́ bi í léèrè.