Fúrúùtù, Ìbátan Afárá

Lásìkò ọyẹ́, tí o bá gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, wàá rí igi tí ewé rẹ̀ pọ́n fòò bí ìgbà tí wọ́n ta epo sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Igi fúrúùtù ni. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Kánádà a máa ya fọ́tò ewé maple tó pọ́n ránṣẹ́ sílé, àwa náà a sì máa kígbe pé ó rẹwà. Fúrúùtù tó ń ṣe tirẹ̀ nídìí ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, ta ló ń ya fọ́tò rẹ̀?

Àwọn maple pàápàá kò rí bákan náà. Ti Kánádà ga, wọ́n ń la pákó rẹ̀, wọ́n sì ń gba oje dídùn lára rẹ̀. Ti Jàpáánù kéré, nítorí ewé rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbìn ín sí àgbàlá. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ni fúrúùtù, afárá àti ìdígbò. Terminalia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fúrúùtù ni àlejò àárín wọn. Etí òkun Éṣíà àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì ló ti ṣẹ̀ wá. Èèpo èso rẹ̀ fúyẹ́, ó ń léfòó, omi òkun sì lè gbé e jìnnà kó tó hù. Iyanrìn àti iyọ̀ kò dí i lọ́wọ́, abájọ tí ara fi tù ú létí ọ̀sà wa. Ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ́ lọ gbalaja, ìpele lórí ìpele, òjìji rẹ̀ sì gba ọlọ́pọ́n ayò àti òǹwòran. Ọmọdé a jẹ ara èso tó pọ́n, a fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀, a jẹ tinú rẹ̀. Àdán náà ń jẹ ẹ́, ó sì ń da ìyókù sí àgbàlá onílé.

Igi igbó ni afárá ní tirẹ̀. Ó lè ga tó mítà 50. Èso rẹ̀ ní ìyẹ́ méjì, atẹ́gùn ló ń gbé e kiri. Irú pákó rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà fi ṣe gìtá Flying V ní 1958.

Èèpo ìdígbò dúdú, àmọ́ pákó rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Àwọn kápẹ́ńtà mọ̀ ọ́n dáadáa: bí ó bá tutù tí ìṣó irin sì wà lára rẹ̀, àbàwọ́n dúdú á yọ. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń tà á lọ́jà àgbáyé. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí wọ́n fi ṣe kò lóǹkà, àjọ IUCN, tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá lágbàáyé, sì ti kà á mọ́ àwọn igi tí ewu ń wu báyìí.

Láti 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi. Bí àgbàlá rẹ bá fẹ̀ díẹ̀, gbin fúrúùtù, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jìnnà sí ògiri àti íńtálọ́ọ̀kì, torí gbòǹgbò rẹ̀ lè hú wọn. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ gbalasa lápá Àgbówá tàbí Ẹ̀pẹ́, jọ̀wọ́, ìdígbò ni kí o gbìn.