Àtúnṣe àti Ìtúnṣí Ilé Ìkàwé Àdúgbò ní New York

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé àdúgbò ní ìlú New York ló ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lọ́dún 1901, Andrew Carnegie, ẹni tó fi òwò irin di ọlọ́rọ̀, gbé mílíọ̀nù 5.2 dọ́là kalẹ̀ láti fi kọ́ wọn. Ohun tó béèrè ni pé kí ìjọba ìlú pèsè ilẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú ilé náà. Ilé 67 ni wọ́n kọ́. Ẹ̀ka Hunts Point, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ló gbẹ̀yìn. Owó Carnegie ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú ṣì wà lọ́rùn ìjọba.

Fèrèsé gíga ni wọ́n fi sára àwọn ilé náà kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lè dé orí ìwé. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ni wọn kò rò mọ́ ọn. Yàrá àwọn ọmọdé sábà máa ń wà lókè, bẹ́ẹ̀ àtẹ̀gùn nìkan ló débẹ̀.

Àjà tó ga jù ní ìtàn tirẹ̀. Iná èédú ló ń mú ilé gbóná nígbà náà, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa kó èédú sí i tọ̀sán-tòru. Nítorí náà ni olùtọ́jú ilé, tòun taya tọmọ, ṣe ń gbé lókè ilé ìkàwé. Nígbà tí iná èédú kásẹ̀ nílẹ̀, yàrá wọn ṣófo, eruku gba ibẹ̀, ọ̀dà ń ṣí lára ògiri. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀ka Fort Washington ṣe, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí lọ́dún 1914, ibùgbé yìí ni wọ́n sọ di ààyè àwọn ọ̀dọ́langba. Kò sí àtúnṣe tó mọ́gbọ́n dání tó èyí: ààyè tuntun jáde láìfẹ ilé lójú.

Bí ilé kan bá wà ní títì fún ọdún mélòó kan, kì í ṣe ọ̀dà nìkan ni wọ́n ń kùn. Wọ́n ní láti lu ilẹ̀ àjà kọ̀ọ̀kan já kí ẹ̀rọ agbénigòkè lè ráyè. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, asbestos, èròjà tó léwu, sì lè wà lára páìpù; àwọn tó gba ìwé àṣẹ nìkan ló lè kó wọn kúrò. Àwọn ilé tí ìjọba kà sí ohun àjogúnbá, bíi ti 125th Street tí wọ́n ṣí lọ́dún 1904, kò ṣeé yí ojú wọn padà láìgba àṣẹ.

Ní gbogbo àkókò tí ẹ̀ka kan bá fi wà ní títì, káàdì àwọn tó ń lò ó ṣì wúlò ní àwọn ẹ̀ka yòókù ní Manhattan, Bronx àti Staten Island. Brooklyn àti Queens ní ètò tiwọn.

Ọ̀fẹ́ ni káàdì fún ẹni tó bá ń gbé ní ìpínlẹ̀ New York, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí tó ń lọ sílé ìwé níbẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, kò sí owó ìtanràn mọ́ fún ìwé tó pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìwé tó bá sọnù nìkan ni ẹni tó yá a yóò san owó rẹ̀.