Ta Ni Ó Ń San Owó Ọ̀fẹ́?



Ìbéèrè kan máa ń jáde nínú ìpàdé nígbà tí àkókò àti pín èrè ọdún bá tó. Ẹnì kan á dábàá pé kí ẹgbẹ́ yọ owó díẹ̀ kí àwọn ọmọ wa lè wo Igbó Ọ̀ṣun, kí wọ́n wo eré ìtàgé, tàbí kí wọ́n lọ sí ibi tí a ti ń fi ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì han ènìyàn. Ẹlòmíràn á dìde, á ní, "Alága, ẹ forí jì mí. Bí wọ́n bá ní ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, owó wo ni a tún fẹ́ yọ? Bí kì í bá sì í ṣe ọ̀fẹ́, kí ẹni tí ó fẹ́ wò ó san owó tirẹ̀." Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà á sì kú síbẹ̀ títí di ọdún tí ń bọ̀.

Ìbéèrè gidi ni. Ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀.

OHUN Ọ̀FẸ́ NÍ ẸNI TÍ Ó SAN ÁN

Kò sí ohun ọ̀fẹ́ tí ẹnì kan kò san owó rẹ̀. Bí eégún bá jáde, a kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì kí a tó wò ó. Ṣùgbọ́n agbo ilé tí ó ni eégún ti ra aṣọ, wọ́n ti se oúnjẹ, wọ́n sì ti fún onílù lówó. Àwọn baba wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá owó ọdún kí ọdún tó dé.

Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òbí kò san owó ilé-ìwé mọ́, ṣùgbọ́n owó-orí àti owó kòkó ni ìjọba fi ṣe é. Àgbẹ̀ tí ó ta kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti san tirẹ̀, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni. Wọn kò jókòó de ìjọba.

Nítorí náà, bí a bá rí i lára ìwé ìpolówó pé "Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé," ìbéèrè mẹ́ta ni kí a bi ara wa: Ta ni ó san án? Títí di ìgbà wo ni yóò lè máa san án? Kí ni òun náà ń fẹ́ níbẹ̀?

OHUN TÍ ÒṢOGBO FI KỌ́ WA

Ní 1962, ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo di ilé àṣà. Òun àti Ulli Beier pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ṣe é. Mbari ni wọ́n pe irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wà ní Ìbàdàn, orúkọ tí wọ́n mú láti inú èdè Ìgbò. Ará Òṣogbo yí i padà sí Mbárí Mbáyọ̀, ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Ọba Kò So ní 1963, ní 1964 eré náà sì dé Berlin. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà láìbi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí. Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti Rufus Ogundele ti ibẹ̀ di ẹni tí ayé mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ ni ó gbé ilé náà ró. Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1966, Dúró Ládiípọ̀ sì kú ní 1978. Ohun tí ó bá dúró lórí èjìká ẹni méjì, bí àwọn méjèèjì bá lọ, ó di ìtàn.

Mbari ti Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ náà. Lára owó tí ó ń ná ti ọ̀dọ̀ Congress for Cultural Freedom wá, ẹgbẹ́ kan tí ó fìdí sí Paris. Ní 1967 ni gbogbo ayé gbọ́ pé owó àwọn amí Amẹ́ríkà, CIA, wà nínú owó ẹgbẹ́ náà. Wọlé Ṣóyínká, tí ó wà lára àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀, sọ pé àwọn kò mọ̀. A kò sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí owó ti wá kò lè mọ ohun tí olówó ń wá.

Òṣogbo kan náà ni Nike Davies-Okundaye ti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1983. Ó ń fi owó tí ó ń rí nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà mìíràn láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó lè dá irú rẹ̀ ṣe?

Ẹ wá wo ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù August. Ní ọjọ́ tí Arugbá bá gbé igbá láti ààfin Àtaọ́ja lọ sí ojúbọ, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó ń tẹ̀lé e, kò sì sí ẹni tí ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn lójú títì. Ààfin, àwọn olórìṣà, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń polówó ọjà ni wọ́n ń ru ìnáwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ nínú ọdún nìyẹn. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ Igbó náà, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, á san owó ní ẹnu ọ̀nà. Owó yẹn wúlò, nítorí pé ère tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún. A kò lè ní kí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lásán kí ère sì máa wó. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí ẹgbẹ́ bá ọmọ tí kò ní san án.

ẸNU Ọ̀NÀ NÌKAN KỌ́

Ní ìlú òyìnbó, ìjọba Britain mú kí ìwọlé sí àwọn mùsíọ́mù ńlá ti orílẹ̀-èdè di ọ̀fẹ́ ní December 2001. Owó ìlú ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Èrò pọ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú èrò náà jẹ́ irú àwọn tí ó ti máa ń lọ tẹ́lẹ̀. Tálákà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i tó bí wọ́n ti rò. Kí ló dé? Owó ọkọ̀, àkókò, àti pé kò sí ẹni tí ó pè wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa. Láti Iléṣà sí Òṣogbo jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀nà kan fún ọmọ 40. Àpẹẹrẹ ni àwọn owó yìí o. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi iye tí ó bá ní ọjà sí i.

Ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀: ₦80,000
Ìwọlé, ₦500 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ₦20,000
Ẹni tí yóò mú wọn káàkiri, tí yóò sì ṣàlàyé: ₦15,000
Búrẹ́dì, ẹ̀wà àti omi: ₦30,000
Òògùn àti ohun àìròtẹ́lẹ̀: ₦5,000
Àpapọ̀: ₦150,000

Ẹ ò rí i pé owó ìwọlé kò tó ìdá kan nínú méje gbogbo rẹ̀? Ọkọ̀ ni ó gba ju ìdajì lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá san owó ìwọlé nìkan, tí kò ronú ọkọ̀, ọmọ tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀ ni ó ṣe oore fún.

IBO NI OWÓ YÓÒ TI WÁ?

Ẹ má fi ọwọ́ kan owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ kan owó tí ó yẹ kí a yá ènìyàn. Inú èrè ni kí ó ti wá, lẹ́yìn tí ayẹ̀wé-owó bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 200, tí èrè ọdún rẹ̀ sì jẹ́ ₦4,000,000. A ó kọ́kọ́ fi ìdá kan nínú mẹ́rin, ₦1,000,000, sí àpò àìṣeéfọwọ́kàn gẹ́gẹ́ bí òfin alájẹṣẹ́kù ti là á sílẹ̀. Ó ku ₦3,000,000. Bí ìpàdé gbogbogbò bá fọwọ́ sí i pé kí a yọ náírà 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ₦150,000 nìyẹn. Bí a bá pín in sí orí ọmọ ẹgbẹ́ 200, ó jẹ́ ₦750 lọ́dún, kò sì pé ₦65 lóṣù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Bí ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó di ₦1,500,000. Níhìn-ín ni ìṣọ̀kan àwọn ẹgbẹ́ ti wúlò. Owó tí àwọn òṣèré ń ná láti gbé eré kan jáde kò yàtọ̀ bí èrò bá jẹ́ 100 tàbí 500: ọkọ̀ wọn, aṣọ wọn, ìlù wọn àti iná kan náà ni. Bí eré bá gba ₦300,000, tí 100 ènìyàn wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan á san ₦3,000. Bí 500 bá wá, á di ₦600. Olórí òṣèré kì í lè dín owó kù, nítorí kò mọ iye ẹni tí yóò wá. Ṣùgbọ́n bí ìṣọ̀kan bá ṣèlérí èrò 500 fún un, tí ó sì san apá kan sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, owó á sì wálẹ̀. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú nìyẹn. Òwò ni, irú èyí tí a ń ṣe bí a bá jọ ra ìrẹsì ní àpò-àpò.

"MO NÍ GBÈSÈ LỌ́RÙN, Ẹ Ń SỌ̀RỌ̀ ERÉ"

A mọ̀ pé ẹnì kan á sọ bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni wá; Òṣómàáló kò gbàgbé owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo odò Ọ̀ṣun.

Odò náà ti ilẹ̀ Èkìtì wá, àwọn odò kéékèèké tí ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá sì ń ṣàn sínú rẹ̀ kí ó tó dé Òṣogbo. Àwọn tí ń wa wúrà láìgba ìwé àṣẹ ń fọ yẹ̀pẹ̀ sínú omi wọ̀nyí, omi ojúbọ sì pọ́n bí omi amọ̀. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ pé kí ènìyàn má mu ún. Síbẹ̀ àwọn kan mu ún ní ọjọ́ ọdún. Ta ni ó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ wa bí ẹrẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣe di wàhálà Òṣogbo?

Ká ní a kó ọmọ 40 láti Iléṣà lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bu omi odò ìlú wọn sínú ìgò kan, kí ó bu ti Òṣogbo sínú ìkejì, kí ó fi álọ́ọ̀mù sí méjèèjì, kí àwọn ọmọ sì fi ojú ara wọn rí ohun tí yóò sílẹ̀ sí ìdí ìgò. Kí àgbà kan tí ó mọ ìtàn odò náà sọ ìdí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ àṣà nìyẹn, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì sì ni. Ní ọdún kejì, kí a kó wọn lọ sí Natural History Museum ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a kó òkúta, ewéko àti ẹranko jọ. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun.

Èyí kò ṣàjèjì sí alájẹṣẹ́kù. Àwọn ará Rochdale tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní 1844, tí gbogbo wa ń tọ ipasẹ̀ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó 2½ nínú ọgọ́rùn-ún èrè fún ẹ̀kọ́ láìpẹ́ sí ìgbà náà. Tálákà ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ní ilé ìkàwé, wọ́n sì ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ní owó pọ́ọ́kú. Nínú ìlànà méje tí alájẹṣẹ́kù àgbáyé fọwọ́ sí ní Manchester ní 1995, ẹ̀kọ́ ni ìkarùn-ún, ìtọ́jú àwùjọ sì ni ìkeje.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

1. Kí a wo ìwé òfin ẹgbẹ́, kí a sì bi òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó alájẹṣẹ́kù bóyá òfin gbà á.
2. Kí ìpàdé gbogbogbò dìbò sí i. Kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ yóò dá ṣe.
3. Kí akápò ya owó náà sọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣirò. Ẹni tí a fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí a san án fún, kí a sì gba rìsíìtì.
4. Kí a fi orúkọ àwọn ọmọ sínú àpò, kí a sì yọ ọ́ ní ojú gbogbo ènìyàn, kí ó má di ti ọmọ alága àti ọmọ akọ̀wé. Kí ọmọ aláìlóbìí àti ọmọ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀.
5. Kí a má ṣe gba owó ẹnikẹ́ni tí kò fẹ́ kí a sọ orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé.
6. Ní ọdún tí èrè kò bá sí, kí a má yáwó ṣe é. Kí a sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ, kí a sì dúró de ọdún mìíràn.

Ẹ̀yin ará, ìpàdé ọdọọdún ń bọ̀ lọ́nà. Bí ẹni yẹn bá tún dìde tí ó ní, "Alága, ṣé kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni?" ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ dá a lóhùn pé, "Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ náà. Àwa ni a san án. Náírà márùndínláàádọ́rin lóṣù kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú wa."

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ire o.