Àtọ̀gbẹ, Kíndìnrín àti Oúnjẹ Inú Àwo

Ọjọ́ méjì ló yẹ ká sàmì sí. Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ìyẹn Máàṣì, ni Ọjọ́ Kíndìnrín Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006. Ọjọ́ 14 oṣù Bélú, ìyẹn Nòfẹ́ńbà, ni Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Àgbáyé: ọjọ́ náà ni wọ́n bí Frederick Banting, ọ̀kan lára àwọn tó ṣàwárí ínsúlíìnì lọ́dún 1921.

Asẹ́ ara
Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé bí asẹ́ bá ya, èèrí á bá ògì lọ. Kíndìnrín ni asẹ́ ara. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ wínníwínní tó tó mílíọ̀nù kan, àwọn méjèèjì sì ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 omi inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru tún dà á láàmú, asẹ́ náà a bàjẹ́. Albumin, èròjà purotéènì tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀, a wá máa jò sínú ìtọ̀, láìsí ìrora kankan.

Iṣẹ́ antioxidant
Ṣúgà àpọ̀jù a tún máa mú kí ara pèsè àwọn èròjà tó ń jẹ ẹran ara bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Antioxidant ló ń dí wọn lọ́wọ́. Ó wà nínú ata, ọsàn, tòmátì, àlùbọ́sà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, kí ẹ̀fọ́ gba ìlàjì àwo, kí òkèlè gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìyókù.

Ìkòkò ọbẹ̀, kì í ṣe ìgò oògùn
Inú oúnjẹ ni kí ẹ ti wá antioxidant. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní HOPE, àwọn alátọ̀gbẹ lo oògùn fítámínì E, tó jẹ́ antioxidant, fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Kò dáàbò bo kíndìnrín wọn. Ní Kánádà, ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010 fi hàn pé fítámínì B alágbára mú kí kíndìnrín àwọn alátọ̀gbẹ tó ti ní àrùn kíndìnrín tètè rẹ̀yìn sí i.

Bí asẹ́ bá ti ya
Òfin oúnjẹ a yí padà. Kíndìnrín tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an kì í lè tú èròjà potassium dànù dáadáa, potassium tó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátì, iṣu àti ẹ̀fọ́ ní i dáadáa, nítorí náà dókítà ni kó wọ̀n ọ́n fún yín. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ti inú mágí náà sì wà lára rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ibuprofen, diclofenac àti àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ fún yín pé ẹ ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ẹ ṣe àyẹ̀wò albumin inú ìtọ̀ àti creatinine inú ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ má dúró de ara wíwú.