Gbólóhùn Tó Wà Nínú Orúkọ: Orúkọ Ọmọkùnrin Lédè Ákádì, Èdó àti Yorùbá, àti Rẹ́jísítà Kíláàsì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá ló ti pe orúkọ Ákádì láìmọ̀. Senakéríbù, Esarhádónì, Nebukadinésárì: èdè kan tí wọ́n ń sọ láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ tó di Ìráàkì lónìí ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Ara amọ̀ tútù ni wọ́n ń tẹ èdè náà sí, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ gbà ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ kò jìnnà sí tiwa, kò sì jìnnà sí ti àwọn Èdó tó ni ìlú Benin yìí. Odidi gbólóhùn ni orúkọ náà sábà máa ń jẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ sọ fún àwa tó ń kọ́ olùkọ́ ni pé ẹni tó bá gé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ́jísítà, ọ̀rọ̀ òbí ló gé.

Ẹ jẹ́ ká wo Senakéríbù dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an ni Sîn-ahhe-eriba, ìyẹn ni pé 'Sîn ti fi òmíràn rọ́pò àwọn arákùnrin fún mi'. Sîn ni òrìṣà òṣùpá wọn. Orúkọ yìí ní olùwà, ó ní àbọ̀, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó tún sọ fún wa pé ikú ti wọ ilé náà kí wọ́n tó bí ọmọ yìí. Yorùbá ìbá sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ekúndayọ̀. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, àwọn náà wo ilé. Ọmọ tí Senakéríbù bí, Esarhádónì, ni wọ́n pè ní Ashur-aha-iddina, 'Ashur ti fúnni ní arákùnrin', a sì mọ̀ láti inú orúkọ yẹn pé ọkùnrin kan ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n lóòótọ́. Ti Nebukadinésárì jẹ́ àdúrà: Nabu-kudurri-usur, 'Nabu, dáàbò bo àrólé mi'.

Ní Ogbe, ìhà ààfin Ọba níbí, orúkọ tí à ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ ilé ìwé kò yàtọ̀. Osanobua ni Èdó ń pe Ọlọ́run, Osa ló sì máa ń kù nínú orúkọ. Osaze ni 'Ọlọ́run ló yàn'. Osagie ni 'Ọlọ́run ló rán an'. Osarumwense ni 'Ọlọ́run ṣe mí lóore'. Osamudiamen, 'Ọlọ́run dúró tì mí', kò yàtọ̀ rárá sí Olúwadúrótìmí tiwa. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní Osa nínú: Uwaifo ni 'ọlà kì í tán', Omorodion ni 'ọmọ ni àgbà'. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Omoruyi, 'ọmọ ló ń buyì fúnni', nítorí kò sí Yorùbá tó gbọ́ ọ tí kò ní rántí Ọmọ́níyì. Uyi wọn àti iyì wa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n jọ. (Àwọn ọmọbìnrin náà ń jẹ́ díẹ̀ nínú irú orúkọ wọ̀nyí.)

Orúkọ oyè tún wà lọ́tọ̀. Ìtàn Benin sọ pé Ògún ni wọ́n ń pe Ọba Ewuare kí ó tó gorí ìtẹ́ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, pé 'wàhálà ti rọlẹ̀' ni orúkọ tó wá mú. Orúkọ yẹn náà ni Ọba tó wà lórí ìtẹ́ báyìí mú ní 20 Oṣù Kẹwàá, 2016. Sargon ìlú Akkad, ní nǹkan bí 2300 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, pe ara rẹ̀ ní Sharru-kin, 'ọba tòótọ́ ni ọba'. Àwọn onímọ̀ gbà pé kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ẹni tí kò sẹ́ni tó ń bá a du ìtẹ́, kí ni yóò máa fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe?

Nígbà tí mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan níbi ìdánwò ìkọ́ni ní ilé ìwé kan ní Ogbe, 'Osa' mẹ́rin ló wà nínú rẹ́jísítà rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ Osaze, ọ̀kan Osagie, ẹ̀kẹta wọn ń jẹ́ Osarumwense, ẹ̀kẹrin sì ń jẹ́ Osamudiamen. Nínú gbólóhùn mẹ́rin, olùwà nìkan ló kọ sílẹ̀. A ti rí ibi tí irú èyí ń já sí. Láàárín ọdún 694 sí 689 ṣáájú ìbí Kristi, ọba méjì jẹ tẹ̀lé ara wọn ní Bábílónì: Nergal-ushezib, 'Nergal ti gbà là', àti Mushezib-Marduk, 'Marduk ni olùgbàlà'. Àwọn akọ̀wé Senakéríbù gé orúkọ àwọn méjèèjì sí Shuzubu. Àfi kí wọ́n máa pe ọ̀kan ní ará Bábílónì, kí wọ́n sì pe èkejì ní ará Káldíà, kí á tó mọ èwo ni èwo. Níhìn-ín, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá yàtọ̀ nínú ìwé ẹ̀rí méjì yóò lọ búra ní kọ́ọ̀tù kí wọ́n tó gbà pé òun ni.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tiwa ní ìṣòro mìíràn. A kò ní kh, vb àti mw lédè wa, nítorí náà Nosakhare ('ohun tí Ọlọ́run bá sọ') a di Nosakare lórí pátákó. Èyí kò ṣòroó túnṣe bí wọ́n bá fetí sí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bí òbí bá ń gé orúkọ nílé, ìkẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a wí. Rẹ́jísítà kì í ṣe ilé.

Mo dábàá pé nínú kíláàsì mofọ́lọ́jì ní NCE, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ bí ogún láti ilé ìwé tó ń lọ, kí ó pín in sí mọ́fíìmù, kí ó sì kọ ìtumọ̀ tí àwọn òbí sọ. Ṣùgbọ́n kí ó má bi ọmọ léèrè ìtumọ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ mìíràn ń sọ ti òkú tó ṣáájú ọmọ náà, bíi ti Senakéríbù, tàbí ti ìjà ẹbí tí kò tíì parí. Ìyá ọmọ ni kí ó bi, ní kọ̀rọ̀, bí ìyá bá sì ní òun kò sọ, kí ó fi àyè ìtumọ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ó ṣáà kọ orúkọ náà pé.