Fífi ọ́síjìn kún ẹ̀dọ̀fóró ṣáájú oògùn akunilóorun

Fífi ọ́síjìn kún ẹ̀dọ̀fóró ṣáájú oògùn akunilóorun ni iṣẹ́ tí oníṣègùn máa ń ṣe kí aláìsàn tó sùn fún iṣẹ́ abẹ. Aláìsàn yóò mí ọ́síjìn fún ìgbà díẹ̀, kí ó lè rọ́pò náítrójìn inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ìdí rẹ̀

Lẹ́yìn oògùn oorun àti oògùn tó ń dẹ iṣan, èémí aláìsàn máa ń dúró títí oníṣègùn yóò fi ki túùbù bọ ọ̀nà èémí rẹ̀. Nǹkan bí lítà 2.5 afẹ́fẹ́ ló máa ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà tó bá mí síta, ara rẹ̀ sì ń lo nǹkan bí mílílítà 250 ọ́síjìn ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló mí, ọ́síjìn tó wà nílẹ̀ kò ju ti ìṣẹ́jú 1 sí 2 lọ. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá kún fún ọ́síjìn, ó lè tó ìṣẹ́jú 8 fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ti aláboyún, ọmọdé àti ẹni tó sanra púpọ̀ máa ń tètè tán.

Àwọn ọ̀nà

Mímí wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 3: Èyí ló gbajúmọ̀ jù. Ìbomú gbọ́dọ̀ fún mọ́ ojú dáadáa. Bí àlàfo bá wà, afẹ́fẹ́ lásán yóò wọlé.

Mímí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30: Ó yára fún pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ọ́síjìn rẹ̀ máa ń tètè tán ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mímí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín ìṣẹ́jú 1: Ní 1999, Anis Baraka àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beirut fi hàn pé ó lè dúró fún ti ìṣẹ́jú 3, bí ọ́síjìn bá ń wọlé ní lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan.

Ọ́síjìn lílọ́wọ́ọ́rọ́ láti imú: Ó máa ń tú jáde ní nǹkan bí lítà 60 ní ìṣẹ́jú kan, kì í sì í dáwọ́ dúró nígbà tí a bá ń ki túùbù.

Gbígbé orí àti àyà aláìsàn sókè díẹ̀ ń ran gbogbo wọn lọ́wọ́, pàápàá fún ẹni tó sanra.

Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró lójú kan ní àwọn àdúgbò Èkó wọ̀nyí, nítorí náà ibi tí ọ́síjìn ti ń wá ṣe pàtàkì nínú yíyan ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó ń yọ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná, èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn kì í sì í mú ju lítà 5 sí 10 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Sìlíńdà kò nílò iná, ṣùgbọ́n ó máa ń tán: èyí tó gba lítà 6,800 kò lè tó wákàtí 2 fún ọ̀nà imú, bẹ́ẹ̀ ni yóò lò ju wákàtí 11 lọ ní lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí èyí, ìbomú tó fún dáadáa fún ìṣẹ́jú 3 ni ó bá irú ibẹ̀ mu jù, pẹ̀lú sìlíńdà tó kún nítòsí àti ẹ̀rọ orí ìka tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀.